Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Kọ́mẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Kà sí Ásítẹ́róìdì: Ọ̀ràn 169P/NEAT

Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2002, ètò NEAT, tí àjọ NASA ń lò nígbà náà láti ṣàwárí àwọn àpáta òfuurufú tó ń kọjá nítòsí ayé, rí àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Kò ní ìrù. Kò ní kùrukùru lára. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ásítẹ́róìdì, ìyẹn àpáta lásán tó ń yí oòrùn po, wọ́n pè é ní 2002 EX12, ó sì wọ àárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tún ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ oòrùn ní 2005, àwọn tó ya fọ́tò rẹ̀ rí i pé ìrù tín-ín-rín kan ti yọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí oṣù kẹwàá ọdún yẹn tó parí, ó ti gba nọ́ńbà kọ́mẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ní yìnyín nínú tó máa ń tú gáàsì àti eruku jáde: 169P.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ irú nǹkan báyìí fúnra rẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: bó bá jẹ́ ìrù gbọọrọ tó tàn kálẹ̀ lójú ọ̀run lẹ fẹ́, ẹ dúró de òmíràn. Iṣẹ́ tó wà níbí ni kí ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín àmì ìmọ́lẹ̀ tó mú ṣóńṣó àti èyí tó sanra díẹ̀, kí ẹ sì lè fi ìwọ̀n gbè é lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì bá béèrè pé báwo lẹ ṣe mọ̀. Èmi ò mọ iṣẹ́ mìíràn lójú ọ̀run tí ẹni tó ní irinṣẹ́ kékeré ti lè wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ẹ ń ṣọ́

Ọdún 4.2 ni 169P fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Níbi tó ti sún mọ́ oòrùn jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 91 kìlómítà ló wà láàárín wọn, ìyẹn ni pé ó wọlé kọjá ipa ọ̀nà Àgùàlà. Níbi tó ti jìnnà jù, kò fi púpọ̀ kù kó dé àgbègbè Júpítà. Ipa ọ̀nà tó gùn gbọọrọ báyìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn kọ́mẹ́ẹ̀tì ju àwọn ásítẹ́róìdì lọ. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ipa ọ̀nà nǹkan ṣe bá ti Júpítà mu, orúkọ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n Tisserand. Ohun tí tirẹ̀ bá wà láàárín 2 sí 3, ojú afurasí ni wọ́n fi ń wò ó, kódà bí kò bá tíì ní ìrù. Ti 169P jẹ́ 2.89. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ipa ọ̀nà rẹ̀ ti ń tú àṣírí rẹ̀ kí ìrù tó yọ.

Kí ló dé tí ìrù ò fi hàn ní 2002? Kọ́mẹ́ẹ̀tì tó ti yí oòrùn po lọ́pọ̀ ìgbà a máa pàdánù yìnyín ojú rẹ̀. Eruku àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́ kù á wá di èèpá tó bo yìnyín tó wà nísàlẹ̀. Bó bá jìnnà sí oòrùn, ooru ò ní kan yìnyín yẹn, gáàsì ò ní jáde, eruku ò ní bá gáàsì fò. Òkúta lásán ni kámẹ́rà máa rí. Ìgbà tó bá sún mọ́ oòrùn gan-an ni díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń tú jáde, díẹ̀ náà ò sì pọ̀.

Òun nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí a mọ̀ sí 133P/Elst-Pizarro lónìí ti wà nínú ìwé láti 1979 bí ásítẹ́róìdì 1979 OW7, ọdún 1996 ni Eric Elst àti Guido Pizarro tó rí ìrù lára rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ètò Pan-STARRS ní Hawaii rí 2016 BA14, ásítẹ́róìdì ni wọ́n pè é. Tẹlisíkóòpù tó tóbi jù ló fi ìrù rẹ̀ hàn kó tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 kìlómítà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo: àwọn ètò ìwákiri máa ń ya gbogbo ojú ọ̀run kíákíá, wọn kì í dúró lórí ohun kan pẹ́. Ẹni tó bá dúró pẹ́ ló máa ń rí ìyókù.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní irinṣẹ́ kankan, ẹ má tíì lọ. Eruku tí 169P tú sílẹ̀ láyé àtijọ́ ló ń fa àwọn ìràwọ̀ jíjá tí wọ́n ń pè ní alpha Capricornid. Ọjọ́ 30 sí 31, oṣù keje, ni wọ́n máa ń pọ̀ jù. Wọn ò pọ̀ rárá, bíi márùn-ún ní wákàtí kan lábẹ́ ojú ọ̀run tó dúdú dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò kánjú: nǹkan bíi kìlómítà 23 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó lọ́ra fún ìràwọ̀ jíjá, àwọn kan sì máa ń tàn rekete. Ẹní kan, ibi tí kò síná, àti ojú yín, ó tó.

Ibi tó wà lálẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́

Ẹ má ṣe fi máàpù ìràwọ̀ ọdún tó kọjá wá a. Ẹ lọ sí Horizons, ojú ìwé ìṣirò ipò ti JPL, ilé iṣẹ́ kan lábẹ́ NASA, tàbí ti Minor Planet Center, ibùdó tó ń kó ipò àwọn ásítẹ́róìdì àti kọ́mẹ́ẹ̀tì jọ, tí a máa ń gé kúrú sí MPC. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ kọ 169P síbẹ̀, ẹ tẹ ibi tí ẹ wà gan-an, ẹ yan ìṣẹ́jú 30 sí ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì mú àwọn nǹkan wọ̀nyí: ipò rẹ̀, jíjìn rẹ̀ sí oòrùn, jíjìn rẹ̀ sí ayé, bó ṣe ń yára rìn àti apá ibi tó dojú kọ, igun tó wà láàárín òun àti oòrùn, àti apá ibi tó kẹ̀yìn sí oòrùn. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ọ̀pọ̀ kì í mú un, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ máa fi dá ìrù tòótọ́ mọ̀ nígbà tó bá yá.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí Horizons máa kọ fún kọ́mẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ méjì. Ọ̀kan wà fún gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú kùrukùru tó yí i ká, èkejì wà fún kókó rẹ̀ nìkan. Fún kọ́mẹ́ẹ̀tì tí kò fi bẹ́ẹ̀ tú nǹkan jáde, èkejì ni kí ẹ fi múra sílẹ̀. Ẹ rántí pé bí nọ́ńbà ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń ga ni nǹkan ń ṣókùnkùn sí i: 17 ṣókùnkùn ju 14 lọ gan-an.

Nínú ìyípo ti 2026, oṣù kẹjọ ni ó kọjá nítòsí ayé, oṣù kẹsàn-án ló sì dé ibi tó sún mọ́ oòrùn jù. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbà tó ń tú eruku jáde jù, ìgbà náà ló sún mọ́ ẹ̀bá oòrùn lójú ọ̀run wa, tí ẹ máa wá a nísàlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú tàbí tó ń mọ́. Ní ìyípo ti 2022, ẹ̀gbẹ́ oòrùn ló fara pamọ́ sí. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú àti lẹ́yìn ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́, ẹ má fi gbogbo ọkàn yín sórí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìyípo tó tẹ̀lé e bọ́ sí 2030.

Bí ẹ bá ń lo Stellarium, ètò máàpù ìràwọ̀ orí kọ̀ǹpútà, ẹ gba àkọsílẹ̀ ipa ọ̀nà tuntun sínú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ MPC ní ọjọ́ iṣẹ́ gan-an. Gáàsì tó ń tú lára kọ́mẹ́ẹ̀tì a máa tì í díẹ̀díẹ̀, àkọsílẹ̀ tó ti pẹ́ sì lè gbé e kúrò ní ojú ìwòye kámẹ́rà yín, pàápàá nígbà tó bá wà nítòsí ayé.

Ibi ìdúró àti ojú ọjọ́

Ẹni tó wà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ànfààní kan tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ò ní: ipa tí oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀ lójú ọ̀run, tí 169P kì í jìnnà sí, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí wa kọjá. Lọ́ńdọ̀nù, ìràwọ̀ ìhà gúúsù máa ń wà nísàlẹ̀ lókè òrùlé, afẹ́fẹ́ tó nípọn á sì jẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ojú ọjọ́ ni kò bá wa ṣe. Oṣù keje sí ìkẹsàn-án jẹ́ ìgbà òjò. August break tí gbogbo wa mọ̀ lè dá òjò dúró, kì í sábà mú ìkùukùu kúrò. Ọyẹ́ náà lè fi eruku bo ojú ọ̀run débi pé ìràwọ̀ tó ń tàn dáadáa nìkan ló máa kù. Òru tó tẹ̀lé òjò ńlá, tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, ni kí ẹ máa lépa, àti oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó wà ní Texas lè ṣe é lóṣù kẹjọ láìsí ìjọ̀gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ sá fún òṣùpá. Láti ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú àrànmọ́jú sí ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ sùn. Iná ìlú náà ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ, àdúgbò a ṣókùnkùn, ọ̀run á là, inú yín á dùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí jẹnẹrétọ̀ àti iná sólà aládùúgbò tó tàn padà. Ẹ jáde kúrò ní ìlú ńlá bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́pàá tàbí àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò kí ẹ tó gbé ohun gígùn tó dojú kọ ọ̀run kalẹ̀ ní pápá lóru. Ọ̀rọ̀ ààbò ò ṣe é fi ṣeré. Bátìrì fóólìtì 12 tó kún á gbé mọ́tò àti kámẹ́rà dé òwúrọ̀.

Irinṣẹ́

Ojú lásán láti inú tẹlisíkóòpù, kódà èyí tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 10 tàbí 12, kò ní sábà fún yín ní ju àmì ìmọ́lẹ̀ lọ. Kámẹ́rà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Tẹlisíkóòpù ínǹṣì 8, ẹsẹ̀ tó ní mọ́tò tó ń tẹ̀lé yíyí ojú ọ̀run, kámẹ́rà dúdú-àti-funfun tí wọ́n ṣe fún ìràwọ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan: ìyẹn tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní láti yan ibi tí owó máa pọ̀ sí, ẹsẹ̀ ni kí ẹ ná an lé. Dígí ńlá lórí ẹsẹ̀ tó ń mì kò níláárí.

Ẹ wo bí píksẹ́lì kan ṣe bo ojú ọ̀run tó. Ẹ mú 206, ẹ fi ìwọ̀n píksẹ́lì ní maikírómítà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi gígùn ojú tẹlisíkóòpù, ìyẹn focal length rẹ̀ ní mílímítà, pín in. Píksẹ́lì 3.76 lórí tẹlisíkóòpù 1,000 mílímítà á fún yín ní nǹkan bíi 0.78 arcsecond, arcsecond kan ni ìdá kan bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600. Bí ẹ bá so píksẹ́lì méjì-méjì pọ̀, ó di nǹkan bíi 1.55, èyí tó dára fún òru wa. Tó bá ju 2 lọ dáadáa, kùrukùru kékeré tí ẹ ń wá á fara pamọ́ sínú píksẹ́lì kan.

Kò sówó fún gbogbo èyí? Ẹ yá tẹlisíkóòpù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. iTelescope ní tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti Chílè, a sì máa ń sanwó rẹ̀ bí ẹni ń ra àkókò. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ lè gba àkókò lórí àwọn tẹlisíkóòpù Las Cumbres nípasẹ̀ ètò Faulkes. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá kó ara wọn jọ lè darapọ̀ mọ́ ètò International Astronomical Search Collaboration lọ́fẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi fọ́tò Pan-STARRS kọ́ bí a ṣe ń rí ohun tó ń rìn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti fi fọ́tò ẹlòmíì kọ́ iṣẹ́ yìí á mọ irinṣẹ́ tó yẹ kó rà.

Ìṣirò kan kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì

Kọ́mẹ́ẹ̀tì ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí pẹ́ jù, àmì rẹ̀ á fà bí ìlà, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ìrù ni àbí ìrìn. Ẹ wo bí ìràwọ̀ lásán ṣe sanra tó nínú fọ́tò yín lóru yẹn. Ìwọ̀n náà ni a ń pè ní FWHM, gbogbo ètò orí kọ̀ǹpútà tó wà fún fọ́tò ìràwọ̀ ló lè wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìyára kọ́mẹ́ẹ̀tì pín in. Ká ní ìràwọ̀ sanra tó arcsecond 3, tí kọ́mẹ́ẹ̀tì sì ń rin arcsecond 4 ní ìṣẹ́jú kan: 3 pín sí 4 jẹ́ 0.75 ìṣẹ́jú, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 45. Ẹ má kọjá ibẹ̀. Èmi á lo 30.

Horizons máa ń kọ ìyára náà sí ọ̀nà méjì, ti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn àti ti àríwá sí gúúsù, fún wákàtí kan. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ pín in sí 60. Ti MPC máa ń fún yín ní àpapọ̀ rẹ̀ tààrà pẹ̀lú igun ibi tó ń lọ.

Fọ́tò ìṣẹ́jú-àáyá 30 kan ò ní fi nǹkan kan hàn. Ẹ ya 64. Tí ẹ bá tò wọ́n lé ara wọn, ìmọ́lẹ̀ tòótọ́ á yọ sókè ju àbùkù kámẹ́rà lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí pé gbòǹgbò 64 ni 8. Ìyẹn á jẹ́ kí ẹ rí ohun tó fi nǹkan bíi 2.3 ṣókùnkùn sí i nínú ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 32 péré ni gbogbo rẹ̀.

Ní òru iṣẹ́

Ẹ kọ́kọ́ mú aago kọ̀ǹpútà bá ti íntánẹ́ẹ̀tì mu, kí ẹ sì máa kọ gbogbo nǹkan ní UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Bí kọ́mẹ́ẹ̀tì bá ń rin arcsecond 4 ní ìṣẹ́jú kan, aago tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 15 ṣìnà ti gbé ipò rẹ̀ sí ibòmíì ní arcsecond kan, ipò bẹ́ẹ̀ kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ gbé tẹlisíkóòpù síta ní wákàtí kan ṣáájú kó lè tutù bá afẹ́fẹ́. Ẹ tún fókọ́ọ̀sì ṣe lórí ìràwọ̀ tó tàn, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́gànjọ́ nítorí pé irin máa ń súnkì bí ilẹ̀ bá tutù. Ìrì ilẹ̀ wa pọ̀. Ẹ fi páálí tàbí rọ́bà gígùn yí ẹnu tẹlisíkóòpù po, kí ẹ máa wò ó léraléra.

Fílítà pupa tí wọ́n ń pè ní R dára bí ẹ bá ní in, torí eruku ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà níbẹ̀, gáàsì kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dá sí i. Bí kò bá sí, ẹ ya á láìsí fílítà, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò tí ẹ fi ìdérí bo ojú tẹlisíkóòpù, iye ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, àti ti ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ tó mọ́ bákan náà láti yọ àmì eruku inú kámẹ́rà kúrò.

Ohun kan tí mo gbà yín níyànjú gidigidi: ẹ padà lóru kejì láti ya ibi kan náà tí kọ́mẹ́ẹ̀tì wà lánàá, ní báyìí tó ti kúrò níbẹ̀. Fọ́tò ilé òfìfo yẹn ló máa sọ fún yín bóyá ìràwọ̀ kékeré tàbí gálásì kan, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ tó jìnnà réré, ló dúró lẹ́yìn rẹ̀ lánàá.

Ìtòlélórí méjì

Ẹ to fọ́tò náà lé ara wọn lọ́nà méjì. Èkíní, ẹ mú kí àwọn ìràwọ̀ dúró sójú kan. Kọ́mẹ́ẹ̀tì á fà. Èkejì, ẹ fi ìyára àti igun tí ẹ mú láti MPC sún fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí kọ́mẹ́ẹ̀tì lè dúró. Àwọn ìràwọ̀ ni wọ́n á fà. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi Astrometrica àti Tycho máa ń ṣe èkejì yìí láìní kí ẹ rí kọ́mẹ́ẹ̀tì nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣe pàtàkì nígbà tó bá ṣókùnkùn jù. DeepSkyStacker àti Siril náà lè ṣe é, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ní DeepSkyStacker ẹ máa fi ọwọ́ yín tọ́ka sí kọ́mẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ lo ìlànà median, tó ń mú iye tó bọ́ sí àárín gbùngbùn fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, dípò kí ẹ ro wọ́n pọ̀ lásán, àwọn ìràwọ̀ tó fà á pòórá púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìrù ni, àbí ojú ló ń tàn yín?

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ojú èèyàn ń wá ìrù, ó sì máa ń rí i, yálà ó wà tàbí kò sí.

Ẹ wọn FWHM kọ́mẹ́ẹ̀tì nínú ìtòlélórí tirẹ̀, ẹ wọn ti àwọn ìràwọ̀ bíi mẹ́wàá tí ìmọ́lẹ̀ wọn bá tirẹ̀ dọ́gba nínú ìtòlélórí tiwọn. Ìràwọ̀ tó tàn jù tàbí tó ṣókùnkùn jù kò ṣe é fi wé e. Bí ti àwọn ìràwọ̀ bá wà láàárín 2.9 sí 3.2, tí ti kọ́mẹ́ẹ̀tì jẹ́ 3.1, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 4.0, ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Ẹ ya àwòrán bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dínkù láti àárín rẹ̀ lọ síta: ti ìràwọ̀ máa ń já wálẹ̀ lójijì, ti kọ́mẹ́ẹ̀tì tó ní kùrukùru á máa rọra wálẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ fìtílà nínú ọyẹ́.

Tí ẹ bá rí ohun tó jọ ìrù, ẹ yẹ apá ibi tó dojú kọ wò. Ìrù eruku sábà máa ń wà láàárín apá tó kẹ̀yìn sí oòrùn àti apá tí kọ́mẹ́ẹ̀tì ti ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ mú igun yẹn láti Horizons. Ìrù tó tọ́ka sí ibòmíì lè jẹ́ tòótọ́, àmọ́ ẹ béèrè ìbéèrè tó le lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá bá ọ̀nà ìrìn kọ́mẹ́ẹ̀tì mu gẹ́lẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyára tí ẹ fi tò ó ló ṣìnà.

Ẹ pín fọ́tò 64 yẹn sí méjì, 32 àkọ́kọ́ àti 32 ìkẹyìn, ẹ to ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìrù tòótọ́ á wà nínú méjèèjì. Gálásì tó wà lẹ́yìn á wà nínú ọ̀kan, á sì dínkù tàbí kó kúrò nínú èkejì. Ẹ ṣí Aladin, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ wo fọ́tò ojú ọ̀run ibẹ̀ látijọ́. Ẹ wo àwọn ìràwọ̀ tó yí i ká: bí gbogbo wọn bá ní ìrù kékeré sí apá kan náà, dígí yín ló fẹ́ àtúntò tàbí ẹsẹ̀ ló ń yọ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ tún un yà lóru mìíràn. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kéde ìrù tó rí lóru kan ṣoṣo.

Bí ẹ ṣe ń fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́

Ipò rẹ̀ lójú ọ̀run ni MPC ń gbà. Kí wọ́n tó gbà á, ibùdó yín gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ wọn, ẹ ó sì kọ́kọ́ fi àwọn ásítẹ́róìdì tó ti ní nọ́ńbà tẹ́lẹ̀ hàn pé ẹ lè wọn ipò dáadáa, fún òru méjì ó kéré tán. Tí ẹ bá lo tẹlisíkóòpù tí ẹ yá, ó ti ní nọ́ńbà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Astrometrica á fi fọ́tò yín wé àkọsílẹ̀ ìràwọ̀ Gaia, á sì kọ ìjábọ̀ náà jáde.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àti ìrísí rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí COBS, àkójọ àkíyèsí kọ́mẹ́ẹ̀tì tó fìdí sọlẹ̀ ní Slovenia. Wọ́n á béèrè ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ gbogbo rẹ̀, bí kùrukùru rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, gígùn àti apá ìrù bó bá wà, àti òṣùwọ̀n DC láti 0 sí 9. Òdo ni kùrukùru tí kò ní àárín kankan. 9 ni èyí tó jọ ìràwọ̀ pátápátá. Ẹ máa kọ 8 tàbí 9 fún 169P lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì yẹ kó tì yín lójú. Òru tí ẹ wò ó dáadáa tí ẹ ò rí ìrù wúlò bí òru tí ẹ rí i, nítorí àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ fẹ́ mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú eruku àti ọjọ́ tó dákẹ́. Ẹ kọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ohun tó ṣókùnkùn jù tí ẹ lè rí lóru náà kún un.

Bó bá jẹ́ ásítẹ́róìdì kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè ní kọ́mẹ́ẹ̀tì lẹ rí ìrù lára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má sáré gbé e sórí Facebook. Ẹ ṣe gbogbo ìdánwò òkè yẹn, ẹ bẹ ẹlòmíì tó ní tẹlisíkóòpù tó tóbi ju tiyín lọ kó yà á, kí ẹ tó kọ̀wé sí MPC. Wọ́n ní ojú ìwé kan tí wọ́n ń kó irú àwọn afurasí bẹ́ẹ̀ sí, kí àwọn mìíràn kárí ayé lè yà wọ́n.

Ẹ má pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́, kódà èyí tí ẹ rò pé kò ní nǹkan kan nínú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, Albert Wilson àti Robert Harrington rí kọ́mẹ́ẹ̀tì kan tó ní ìrù fẹ́ẹ́rẹ́ ní Palomar, ní California, lẹ́yìn náà ó sọnù. Ní 1979 Eleanor Helin rí ásítẹ́róìdì kan tó di nọ́ńbà 4015. Ọdún 1992 ni wọ́n tó yẹ àwọn àwo fọ́tò 1949 wò padà, tí wọ́n rí i pé ohun kan náà ni méjèèjì. Bí ẹnì kan bá ti da àwo yẹn nù, ásítẹ́róìdì lásán ni wọn ì bá ṣì máa pè é. Ẹ fi ọjọ́, aago UTC, nọ́ńbà ibùdó àti orúkọ fílítà sínú orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní FITS, irú fáìlì tí kámẹ́rà ìràwọ̀ ń lò, láì sọ wọ́n di JPEG, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kejì sórí háàdì díráìfù mìíràn tí kò sí nínú ilé kan náà.